Gáàsì Tí Kò Ní Òórùn

Maino Hembrom jókòó sí ìdí ògiri ilé ìkọ́ṣẹ́ ní Nagpur, ó ń jẹ ìrẹsì àná tó fi omi tútù rin. Oòrùn oṣù Karùn-ún ń jó orí páànù. Lábẹ́ igi ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń pín rótì wọn jẹ, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tó lé e, kò sì sí ẹni tó pè é. Àìpè yẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Òun nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì. Abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Dumka jìnnà réré, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì náà tó gbọ́ Santali, èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ tó fi ń lá àlá. Bó bá fi Híńdì sọ̀rọ̀, Pranay, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, a sín in jẹ, gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Gbogbo ohun tí Tísà Kamble bá sọ ló máa ń dúró sí i lórí.

"Ẹ gbọ́ o," ni tísà wọn wí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Gáàsì inú ẹ̀rọ tuntun yìí, ọmọ ìyá gáàsì tí ìyá yín fi ń dáná ni. Ṣùgbọ́n ti ilé ìdáná ní òórùn, èyí ò ní. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ bí ejò. Ẹ pa iná mànàmáná, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé ẹ̀rọ yìí, tó máa ń ké bí gáàsì bá ń jò, sílẹ̀ nítòsí yín. Ẹ tú gáàsì síta níbi tí kò síná, kí ẹ wá fi náítírójìn, gáàsì tí kì í gbiná, lé ìyókù kúrò nínú páìpù. Ẹni tí kò bá tíì ṣe gbogbo èyí, kó má ṣáná láti jó páìpù!"

Ní ìrọ̀lẹ́, Tushar, tó jẹ́ aṣíwájú àwọn ọmọkùnrin náà, wá bá a.

"Maino, ṣé wàá bá wa ṣiṣẹ́ lọ́la? Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ẹ̀rọ tí a fẹ́ tún ṣe, òun nìkan ló ń gbélé. Ó ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin nìkan."

Ó yé Maino pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n fẹ́ fi òun ṣe. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ fò fáyọ̀. Ó lọ tọrọ ẹ̀rọ tó ń ké náà lọ́wọ́ tísà, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yà jẹ pòhà lójú ọ̀nà. Tushar ti àwo kan sí i. "Jẹun jàre, ọ̀rẹ́."

Ọ̀rẹ́! Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé Màmá Tarabai, ìyá àgbàlagbà náà, wà. Ìyá náà yẹ Maino wò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ ilé ìdáná lọ po tíì fún wọn. Pranay na rọ́bà láti ara ẹ̀rọ amúlétutù gba ojú fèrèsé, gáàsì ń tú jáde pẹ̀lú ariwo. Nígbà tí ariwo rẹ̀ dákẹ́, Tushar mú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń jó páìpù.

"Náítírójìn ńkọ́?" Maino rọra béèrè.

"Ta ni yóò gbé àgbá yẹn gun àtẹ̀gùn? Gáàsì ti tán. Pranay, ti fèrèsé, atẹ́gùn ò ní jẹ́ kí iná yìí dúró."

Maino ki ọwọ́ bọ àpò. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀rọ náà. Pranay rí i.

"Háà! Tísà Kamble ti wọ aṣọ obìnrin o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Maino náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lófìfo. Tushar wò ó fìrí, bí ẹni tó ń retí kinní kan, ó sì ṣáná.

Gáàsì tó fara pamọ́ sínú òróró tó wà nínú páìpù ló dáhùn. Iná bù gbàù lẹ́nu páìpù, ó gbá Tushar lójú àti lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ran kọ́tìnnì. Pranay sá jáde. Maino fò lọ pa iná mànàmáná, ó fa kọ́tìnnì já, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná náà fi kú. Màmá Tarabai ń bu omi tútù sórí ọwọ́ Tushar, ó ń sunkún pé, "Ọmọ ọlọ́mọ o! Ọmọ ọlọ́mọ!"

Tísà Kamble pè wọ́n jọ lẹ́yìn náà. Pranay ní ẹ̀rọ amúlétutù náà ló ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Maino dìde.

"Irọ́ ni, sà. A ò lo náítírójìn. Mo mọ̀ pé ó léwu, mo sì dákẹ́."

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọkùnrin ń pè é ní olófòófó. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ a dúró lẹ́nu wọn. Ó tún wá dá wà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Òun nìkan ló ń lọ wo Tushar nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kan, Tushar gbójú sókè láàárín báńdéèjì.

"O mọ̀ pé kò yẹ kí n ṣáná. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ kí ẹ máa pè mí lọ́rẹ̀ẹ́."

Tushar wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà lọ́jọ́ yẹn," ló wá wí. "Ojú ń tì mí láti dáwọ́ dúró lójú Pranay. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo sọ pé 'dúró' ni, ǹ bá ti dúró."

Maino rìn padà nínú ooru náà, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Maino kò rí bẹ́ẹ̀: òun ló dákẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ló jóná.

Nígbà tó ṣe, wọ́n rán òun àti àwọn kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀kan nínú wọn ti mú ìṣáná jáde.

"Ẹ dúró," ni Maino wí. Híńdì rẹ̀ wọ́. "Ẹ ṣí fèrèsé. Mo ń lọ gbé náítírójìn wá."

"Olófòófó tún ti dé," ni ẹnì kan wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìṣáná dá a padà sápò, ó sì ṣí fèrèsé.

Wọ́n parí iṣẹ́ náà láìsí ewu. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì lọ láìdúró dè é. Ó dun Maino, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ báyìí pé ìdánìkanwà kì í sun ẹnikẹ́ni níná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ewu, ẹ la ẹnu yín. Ọ̀rẹ́ tí a fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rà, ẹnì kan ló máa ń jìyà rẹ̀.