Fikáyọ̀ Kò Dáhùn

Ìmísí ni orúkọ ọmọ náà. Òní ni Sátidé tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá.

Ó ti jí kí ẹnikẹ́ni tó jí nílé. Ó ti wọ bàtà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló tì bọ bàtà òsì, ṣùgbọ́n ó ṣáà ti wọ̀ ọ́.

Wọ́n fẹ́ lọ wo eré-ìje aṣálẹ̀ ní Àmúwò!

Kì í ṣe pé aṣálẹ̀ wà ní Èkó o. Ibo wá ni aṣálẹ̀ yìí? Ilẹ̀ ìdílé Hafeez, ọ̀rẹ́ Ìmísí, ni. Omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n da yanrìn sí i. Yanrìn, yanrìn, yanrìn, títí omi fi sá lọ.

Ní báyìí, yanrìn funfun ló wà níbẹ̀, ó lọ súà. Lórí yanrìn yẹn ni àwọn ọkọ̀ ńlá ti máa sáré.

Vùùùn! Vùùùn!

Hafeez ń lọ. Lois, ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé lókè ilé, ń lọ. Àǹtí Kúlísúmù, àbúrò bàbá Hafeez, ló máa wa ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ rẹ̀ pupa yòò.

"Èmi náà ń lọ," Fikáyọ̀ wí.

Fikáyọ̀ ni àbúrò Ìmísí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibi tí ẹran bá lọ, ìrù rẹ̀ á bá a lọ. Fikáyọ̀ ni ìrù Ìmísí.

"Ṣé ràkúnmí máa wà níbẹ̀?" Fikáyọ̀ béèrè. Nínú àwòrán tí ó wà nílé ìwé wọn, kò sí aṣálẹ̀ tí kò ní ràkúnmí.

"Ràkúnmí kọ́. Ọkọ̀ ni," Ìmísí dáhùn.

"Ṣebí aṣálẹ̀ ni?" Fikáyọ̀ wí. "Ràkúnmí á wà níbẹ̀."

Màmá Àgbà jáde sí ẹnu ọ̀nà. Màmá Àgbà ni ìyá bàbá wọn. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe kí ó tó fẹ̀yìntì. Ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ o, kò fẹ̀yìntì lẹ́nu ìkìlọ̀.

"Ìmísí, má fi ọwọ́ àbúrò ẹ sílẹ̀ o."

"Ẹ̀ẹ́n mà."

"Má fi sílẹ̀ rárá."

"Mi ò ní fi sílẹ̀, mà."

Màmá Àgbà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Fikáyọ̀. Oríkì ló fi pè é, bó ṣe máa ń ṣe.

"Àkànní, ọkọ mi. Tí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pè ẹ́, tí o ò sì rí ẹni tó ń pè ẹ́, kí lo máa ṣe?"

Fikáyọ̀ mọ èyí dáadáa. Ojoojúmọ́ ni Màmá Àgbà ń kọ́ ọ.

"Mi ò ní dáhùn!"

"Ọkọ mi gbọ́n. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ojú ẹni náà."

Píìn! Píìn! Dádì Hafeez ti dé. Àwọn ọmọ wọlé sínú ọkọ̀ kíá.

Wọ́n kọjá ní Apple Junction. Wọ́n yà. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n. Jìgìjìgì! Jìgìjìgì! Lois rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òsúkè.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i.

Yanrìn níwájú. Yanrìn lápá ọ̀tún. Yanrìn lápá òsì. Àwọn èrò ti pé bìbà. Àwọn kan wá láti Alákijà, àwọn kan wá láti Mile 2. Wọ́n ta okùn gígùn yí gbogbo yanrìn náà ká.

"Ẹ gbọ́ o," Dádì Hafeez wí. "Inú okùn, ọkọ̀ ló ni ín. Ẹ̀yìn okùn, àwa la ni ín. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọjá."

"Ẹ̀ẹ́n sà!" gbogbo wọn dáhùn.

Ìmísí di ọwọ́ Fikáyọ̀ mú gírígírí.

"Ràkúnmí dà?" Fikáyọ̀ béèrè.

"Fikáyọ̀, jọ̀ọ́."

Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan dúró lórí pèpéle onípákó. Bọ̀dá Seth ni, òun ló ń darí eré-ìje náà. Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Tí ó bá ti ju àsíá náà, àwọn ọkọ̀ á gbéra.

Vùùùn! Ọkọ̀ pupa kan yọ.

"Àǹtí Kúlísúmù nìyẹn!" Hafeez pariwo.

Inú Ìmísí dùn, ó fò sókè. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú. "Àǹtí Kúlísúmù! Àǹtí Kúlísúmù!"

Ọwọ́ wo ló nà sókè? Ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ńkọ́? Ó na ìyẹn náà.

Ọwọ́ wo ló wá kù tó di Fikáyọ̀ mú?

Ìmísí wo ilẹ̀. Kò sí Fikáyọ̀.

"Fikáyọ̀?"

Ó wo ẹ̀yìn Lois. Kò sí níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn Hafeez. Kò sí níbẹ̀. Ó wo ìdí agbada ẹni tó ń din pọ́fù-pọ́fù. Kò sí níbẹ̀.

"Fikáyọ̀ o!"

Fikáyọ̀ kò dáhùn.

Àyà Ìmísí já. Ó sáré lọ fa aṣọ Dádì Hafeez.

Dádì Hafeez kó gbogbo wọn lọ sí ìdí pèpéle. "Seth! Ọmọ ti sọnù o! Bá mi pe Fikáyọ̀ Ọláníran!" Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ dúró síbí. Ẹ má kúrò." Ó sì sáré gba ẹnu ọ̀nà lọ, níbi tí ọkọ̀ ti ń wọlé, tí ọkọ̀ ti ń jáde.

Bọ̀dá Seth gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"FIKÁYỌ̀! FIKÁYỌ̀ ỌLÁNÍRAN! MÁA BỌ̀ NÍDÌÍ PÈPÉLE!"

Wọ́n ti so sípíkà mọ́ àwọn òpó káàkiri. Ohùn Bọ̀dá Seth jáde lápá ọ̀tún. Ó jáde lápá òsì. Ó dún lókè bí ààrá.

Fikáyọ̀ kò dáhùn.

"Ọmọ yẹn ò sí nítòsí," Bọ̀dá Seth wí. "Ọmọ wo ló máa gbọ́ irú ohùn yìí tí ò ní dáhùn?"

Ó wo orí yanrìn látòkè délẹ̀. Kò rí ọmọ kankan.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀!" àwọn èrò ń pariwo. "Oòrùn ń pa wá o!"

Vùùùn! Vùùùn! Àwọn ọkọ̀ ti tò.

Lois bú sẹ́kún. "Bóyá ràkúnmí ló lọ wá," Hafeez wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ràkúnmí?

Ìmísí wo orí yanrìn. Ó wò ó títí dé ọ̀ọ́kán, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti máa yí kọ́nà. Wọ́n to táyà síbẹ̀. Wọ́n da tapólì bò ó. Tapólì náà pọ́n rúsúrúsú. Ó ga láàárín, bíi iké.

Bí èèyàn bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, tó dúró lọ́nà jíjìn, tó ń wá ràkúnmí...

"FIKÁYỌ̀!" Bọ̀dá Seth tún pè.

Tapólì náà gbọ̀n.

Ṣé afẹ́fẹ́ ni? Afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

"FIKÁYỌ̀ O!"

Tapólì náà tún gbọ̀n. Ó sì súnkì, bí ìgbín tó fẹ́ wọ inú ìkarahun.

Ìmísí tẹjú mọ́ ọn. Ó ti yé e. Fikáyọ̀ gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Kò rí ẹni tó ń pè é ni!

Níbẹ̀ gan-an ni àwọn ọkọ̀ sì máa yí kọ́nà.

"Bọ̀dá! Bọ̀dá Seth! Ẹ jọ̀ọ́, sà!"

Vùùùn! Ariwo ọkọ̀ gbé ohùn Ìmísí mì.

Bọ̀dá Seth gbé àsíá sókè.

Ìmísí gun àkàsọ̀ pèpéle. Ó gun ún, ó gun ún.

Àsíá ń bọ̀ wálẹ̀.

Ìmísí fò! Ó gbá etí àsíá mú.

"Kí lèyí? Ọmọ yìí, fi sílẹ̀!" Bọ̀dá Seth wí.

"Mi ò ní fi sílẹ̀!"

"Mo ní fi sílẹ̀!"

"Mi ò ní fi sílẹ̀, sà!"

Ó ti fi nǹkan kan sílẹ̀ lónìí. Kò ní fi èyí sílẹ̀ láé.

Àwọn èrò ń hó yèè. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ pupa, Àǹtí Kúlísúmù rí ọmọ tó rọ̀ mọ́ àsíá. Ó mọ ọmọ náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń jù ú sí àwọn yòókù.

Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e pa tirẹ̀. Èyí tó kù náà pa tirẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Àbúrò mi wà lábẹ́ tapólì yẹn," Ìmísí wí. Ó nawọ́ sí i.

Bọ̀dá Seth wo tapólì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré gbé gbohùngbohùn. "FIKÁ..."

"Ẹ má pè é!" Ìmísí kígbe. "Ẹ̀rù yín ló ń bà á. Kò rí yín."

"Kò rí mi kẹ̀? Odindi èmi yìí?"

"Ohùn yín nìkan ló ń gbọ́. Màmá Àgbà ní tí a ò bá rí ẹni tó pè wá, ká má dáhùn."

"Ìyá tèmi náà wí bẹ́ẹ̀," Bọ̀dá Seth wí jẹ́jẹ́.

Ó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. Ó gbé Ìmísí lé èjìká. Ó kọjá okùn, ó gba orí yanrìn lọ. Ṣàà, ṣàà, ṣàà.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ibẹ̀, Ìmísí ní kí ó sọ òun kalẹ̀. Òun nìkan ló rin èyí tó kù. Ṣà. Ṣà. Ṣà. Kò gba ẹ̀yìn. Iwájú ló gbà, níbi tí ojú ti lè rí ojú.

Ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn gbígbóná.

"Fikáyọ̀."

Tapólì gbọ̀n.

"Wò mí. Èmi nìyí."

Ìka kékeré kan gbé etí tapólì sókè. Ojú kan yọ.

"Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ojú náà wò ó, ó tún un wò. "Kí ni Màmá Àgbà máa ń pè mí?"

Omi ń jáde lójú Ìmísí. Ẹ̀rín náà sì ń bọ̀.

"Àkànní, ọkọ Màmá Àgbà. Ajẹdòdò-má-ṣẹ́kù."

"Ẹ̀ẹ́n!" Fikáyọ̀ dáhùn.

Ó jáde wá wúrúwúrú, yanrìn nírun, yanrìn nímú, yanrìn létí. Ìmísí gbá a mọ́ra. Kò tíì gbá ẹnikẹ́ni mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Nǹkan kan ń pè mí lójú ọ̀run," Fikáyọ̀ wí sí i létí. "Ó pè mí, pè mí, pè mí. Mi ò dá a lóhùn. Mo gbọ́n, àbí?"

"O gbọ́n. Èmi ni mi ò gbọ́n. Mo fi ọwọ́ ẹ sílẹ̀. Má bínú."

"Mi ò bínú," Fikáyọ̀ wí. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ ṣùtì. "Ràkúnmí yẹn ò tiẹ̀ lórí."

Bọ̀dá Seth gbé àwọn méjèèjì padà sẹ́yìn okùn. Dádì Hafeez ti dé. Òógùn bò ó. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sọnù. Ó fọwọ́ kan orí Fikáyọ̀, ó fọwọ́ kan orí Ìmísí. "Alhamdulillah," ó wí.

Bọ̀dá Seth wá ju àsíá.

VÙÙÙN!

Yanrìn fò sókè! Ọkọ̀ pupa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Wọ́n yí kọ́nà lọ́dọ̀ ràkúnmí tí kò lórí. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́.

Ìmísí náà fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ Fikáyọ̀.

Ni Lois bá na ọwọ́ tirẹ̀ kan wá. Ọwọ́ Ìmísí kan, ọwọ́ Lois kan. Pàá! Pàá! Pàá!

Àǹtí Kúlísúmù kò gba ipò kìíní. Hafeez ní ẹ̀ẹ̀kan tó pa ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan ju ipò kìíní lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìmísí ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá Àgbà. Kò fi ọ̀kan pamọ́, àní ibi tó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Màmá Àgbà jókòó. Ó fa Fikáyọ̀ mọ́ra.

"Àkànní, ọkọ mi," ó wí. "Èmi náà ò kọ́ ẹ tán. Tí o ò bá rí ẹni tó pè ẹ́, má dáhùn. Ṣùgbọ́n má sá pamọ́. Di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ mú, kẹ́ ẹ jọ lọ wo ẹni tó ń pè."

Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Ṣàáà! Nǹkan kan bọ́ sínú òróró gbígbóná.

Kò pẹ́, ohùn kan jáde.

"Àkànní o!"

Fikáyọ̀ kò dáhùn.

"Àkànní, ọkọ mi o!"

Fikáyọ̀ kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí Ìmísí. Ìmísí dì í mú. Àwọn méjèèjì rọra yọ́ lọ. Wọ́n yọjú wo inú ilé ìdáná.

Màmá Àgbà ló wà níbẹ̀. Àwo dòdò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ́n mà!" àwọn méjèèjì dáhùn.

Ọwọ́ kan ni Ìmísí fi jẹ dòdò lọ́jọ́ náà; ọwọ́ kejì kò fi ti Fikáyọ̀ sílẹ̀.