Yàrá Kejì Inú Àgọ́

Ilẹ̀ yàrá kejì inú àgọ́ náà gbóná. Aránṣọ tún fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án wò, bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ rẹ̀ gbóná. Kì í ṣe oòrùn, nítorí inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n pa àgọ́ náà sí, lábẹ́ òrùlé, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ láti àárọ̀. Bí ibùsùn tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀ ṣe máa ń gbóná ló ṣe gbóná.

"Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí?" ó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó jáde níbẹ̀," ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù dáhùn látìta, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo àwọn tó kù."

Ó yẹ kó gbọ́, àmọ́ etí rẹ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Owú ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, owú náà ló sì ń tì í lẹ́yìn.

Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Aránṣọ ń jowú. Gbogbo ẹbí ló ń pe obìnrin náà ní Ìyàwó, òun náà sì ń pe Aránṣọ ní Ìyálé, nítorí Aránṣọ ló kọ́kọ́ wọlé. Ká sòótọ́, Ìyàwó kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń jowú tẹ́lẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀gá nídìí owú jíjẹ. Bí Aránṣọ bá ra bàtà, ojú Ìyàwó á lẹ̀ mọ́ bàtà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ọmọ Aránṣọ bá ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́, Ìyàwó á yọ ṣùtì, á ní tíṣà wọn ló lawọ́. Aránṣọ a máa gbádùn rẹ̀ gan-an. Ta ni kì í wù kí wọ́n jowú òun?

Àfi ìgbà ọlidé tó kọjá. Ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ ra àgọ́ tuntun, wọ́n dì í sí búùtù, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn sọ́kọ̀, wọ́n sì wà á lọ sí etí adágún omi inú igbó, níbi tí àwọn ìdílé máa ń lọ pàgọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n fi máa padà dé, ẹ̀rín ló gba ojú Ìyàwó kan. Kò ráhùn mọ́. Kò wo bàtà ẹnikẹ́ni mọ́. Oúnjẹ jóná, ó rẹ́rìn-ín. Òjò pa aṣọ tó sá, ó rẹ́rìn-ín. Á kàn jókòó, á máa wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn fún.

Bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dun Aránṣọ nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ obìnrin náà mọ́. "Màmi, Àǹtí ni kó di irun wa," ni èyí ẹ̀gbọ́n máa ń wí, lójú òun tó bí i! Ọkọ rẹ̀ pàápàá, tíṣà ìṣirò tí kì í yin ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ, sọ nídìí oúnjẹ pé ilé àbúrò òun ti tutù minimini. Ọ̀rọ̀ náà gún Aránṣọ bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sí i níka. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá gbà pé àgọ́ yẹn ni. Láti ibẹ̀ ni ayọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ló bá lọ béèrè. Ìyàwó gbọ́ ọ, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"A ti dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, Ìyálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á."

Ẹn-ẹ́n! Kò fẹ́ kí n ní in, Aránṣọ sọ nínú ara rẹ̀. Ó kó ọkọ, ó kó ọmọ, ó di ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀. Kì í ta àgọ́ fún ìdílé kankan àfi tí wọ́n bá bọ́ bàtà, tí gbogbo wọn wọnú rẹ̀, tí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, tí wọ́n sì fa síìpù. Ó ní èyí tí wọ́n bá kọ pé ó gba ènìyàn mẹ́fà, kí ènìyàn mẹ́rin rà á, kí ẹrù lè ráyè. Ó fi ọ̀kan hàn wọ́n tó ṣe wẹ́kú: ọkọ lè nàró nínú rẹ̀ láìtẹ orí, ilẹ̀ rẹ̀ nípọn, nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, ìbòrí òjò rẹ̀ sì balẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Tíṣà, ọkọ rẹ̀, ní àwọn ti rà á.

Ojú Aránṣọ ti wà lára àgọ́ aláwọ̀ ewé ńlá kan ní kọ̀rọ̀. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti rà á rí, wọ́n dá a padà," ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní. "Ìyá ilé yẹn ní yàrá kan ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́."

Aránṣọ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi bọ́ bàtà wọ ibẹ̀. Yàrá méjì ni lóòótọ́, aṣọ ìkélé kan ló pín wọn níyà. Ojú iṣẹ́ ló fi wo ìránṣọ rẹ̀. Ó rí i pé síìpù ìkélé náà ní àbùkù: ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á kò sí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ yàrá àkọ́kọ́ nìkan ló wà. Bí wọ́n bá ti ẹnikẹ́ni mọ́ yàrá kejì, kò lè ṣí i fúnra rẹ̀. Ó ní òun á rán ọwọ́ kejì sí i bí àyè bá yọ. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ilẹ̀, tó gbóná.

"Tí ẹ bá máa rà á náà," ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sọ jẹ́jẹ́ nígbà tó ń dì í, "ẹ kó ẹrù kún yàrá kejì. Ẹ má jẹ́ kó ṣófo."

Létí adágún omi, Aránṣọ fi ẹrù sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ní yàrá kejì ni pálọ̀ òun, ó tẹ́ ẹní sí i, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló fa síìpù ìkélé náà, kí ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ má baà ba pálọ̀ jẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Ìyálé." Ìyàwó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. "Ṣé ẹrù wà nínú yàrá yẹn?"

"Pálọ̀ mi ni. Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀?"

"Ohun yòówù tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ má ṣí i. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ilé yìí ti mọ́ mi lára."

Aránṣọ pòṣé, ó pa fóònù. Inú rẹ̀ dùn. Ìyàwó ti tún ń jowú òun, ayé ti padà sí bó ṣe wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òjò sú, ó sì rọ̀. Tíṣà àti àwọn ọmọ sá sínú ọkọ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Aránṣọ nìkan ló wà nínú àgọ́, tó ń nu omi ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ló rí i pé ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn ìkélé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni, tó rí bíi ti àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, òjò sì ń lu òrùlé. Ó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ àgbà ni.

Ibì kan wà lókè ìkélé tí òwú ti tú. Ó fojú kan síbẹ̀.

Yàrá náà tóbi ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ìyàwó jókòó lórí ẹní, ọmọ Aránṣọ àgbà wà láàárín ẹsẹ̀ obìnrin náà, tó ń di irun rẹ̀ fún un. Èyí àbúrò gbórí lé e léjìká. Tíṣà na ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo obìnrin náà bó ṣe máa ń wo Aránṣọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. "Ẹ̀yin la fẹ́ràn jù," ni ọmọ náà ń sọ.

Ọkàn kan sọ fún Aránṣọ pé ọkọ rẹ̀ wà nínú mọ́tò. Ó ń gbọ́ rédíò náà. Ó sì mọ̀ pé Ìyàwó wà nílé, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni. Ṣùgbọ́n owú ti bò ó lójú. Ó fa síìpù ṣí, ó sì bẹ́ wọlé láti fa ọmọ rẹ̀ jáde.

Ẹnì kan fara kàn án kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbóòórùn ìpara tí Ìyàwó máa ń lò tẹ́lẹ̀, kó tó di ẹlẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé o, Ìyálé," ohùn náà sọ sí i létí. "Ó ti pẹ́ tí ilé yín ti ń wù mí."

Síìpù dún lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kú. Kò sí ọmọ, kò sí ọkọ, kò sí ẹní pàápàá. Aṣọ nìkan ló yí i ká. Aránṣọ fọwọ́ wá ojú síìpù lókè nílẹ̀, ó sì rántí ọwọ́ kejì tí òun kò tíì rán. Ó kígbe. Igbe náà kò kọjá aṣọ.

Ibẹ̀ ló ti wá yé e pé Ìyàwó gangan ló ti wà níhìn-ín látìgbà ọlidé tó kọjá, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta, àti pé obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nílé àbúrò ọkọ òun, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí.

Òjò dá. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọ sáré wọlé.

"Màmi, a gbé ẹrẹ̀ wọlé o. Ẹ máa bínú?"

"Ẹrẹ̀ wo? Ẹ wá jókòó tì mí jàre." Ohùn Aránṣọ ni, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín, irú èyí tí wọn kò fún òun rí. Ìyẹn dun Aránṣọ ju òkùnkùn tó wà nínú rẹ̀ lọ.

"Kí ló ṣe ẹ́ tí inú ẹ dùn báyìí?" Tíṣà béèrè.

"Kò sí nǹkan. Tí a bá dé, ẹ jẹ́ ká dá àgọ́ yìí padà. Yàrá kan ti pọ̀ jù."

"Mo ṣáà ní ká ra èyí àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù."

Wọ́n tú èèkàn, wọ́n ká aṣọ, òkùnkùn sì ká mọ́ Aránṣọ.

Nígbà tí ojú rẹ̀ tún ríran, ẹ̀rọ amúlétutù ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, tó ń ní kí ìdílé kan bọ́ bàtà. Ó rọra dùbúlẹ̀.

"Ìyẹn ńkọ́?" ohùn obìnrin kan béèrè.

Ẹsẹ̀ lásán wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ kan balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ilẹ̀ ibí mà gbóná o," ni obìnrin náà wí.

Aránṣọ kò wo obìnrin náà. Àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e wọlé ló ń wò. Wọ́n dára lọ́mọ. Ìyá wọn ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá dùbúlẹ̀, Aránṣọ sì ń tún orúkọ wọn pè lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má baà gbàgbé wọn.