Àpò Ẹ̀jẹ̀ Tó Kúrò Nínú Fíríìjì

Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ti pòórá nínú fíríìjì. Màmá Ọmọ́níkẹ́ ti wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní òun ò lè dúró ju ìdajì wákàtí lọ.

Bàbá Sàlíhù, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣọ́ ilé ìwòsàn kékeré náà ní Pápá Àjàó. Ó yọjú wo fíríìjì. Àpò méjì ṣì wà níbẹ̀.

"Olè wo ló ń mú ẹyọ kan nínú mẹ́ta?"

Ethel, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀, dá a lóhùn. "Ẹyọ yẹn nìkan ló bá ti màmá mu, sà. Àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn ló fà á sílẹ̀ láàárọ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ àti jínótáìpù rẹ̀ sórí bébà ara àpò. Mo kàn jáde lọ pe dókítà ni."

"Ta ló wọlé?"

"Ọmọ́níkẹ́ wá bèèrè bóyá ó ti ṣetán. Ọláṣùpọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wá mú fìlà tó gbàgbé."

"Àti ìwọ."

"Àti èmi, sà."

Sàlíhù ṣí ìwé tí Ethel ń kọ àbájáde àyẹ̀wò sí, ó kà á, ó pa á dé.

Ọmọ́níkẹ́ ń sunkún ní ọ̀ọ̀dẹ̀. "Mo gbọ́ pé ìgbéyàwó yín ku oṣù kan," Sàlíhù wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. AS ni mí, AA lòun. Ìyẹn ni pásítọ̀ ṣe gbà."

"O rí bébà àyẹ̀wò ẹ̀?"

"Mo rí i."

Ọláṣùpọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ lé itan.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọbẹ̀ màmá ni, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná."

Sàlíhù fọwọ́ kan kúlà náà. Ó tutù. Omi ń sẹ̀ lára rẹ̀.

"Ọbẹ̀ orí iná ló ń láàgùn báyìí?"

Ó ṣí i. Yìnyín ló wà níbẹ̀, àpò ẹ̀jẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀.

Ọmọ́níkẹ́ di ògiri mú. "Ṣé o fẹ́ pa màmá mi ni?"

"Rárá. Bébà ara ẹ̀ ni mo fẹ́ ya, kí n dá a padà. Kò tètè ya. Mo gbé e jáde, ìgbà tí mo fi máa padà, Ethel ti wà níbẹ̀."

"Sọ ohun tó wà lórí bébà náà fún un," Sàlíhù wí.

Ọláṣùpọ̀ kọjú sí Ọmọ́níkẹ́. "AS. Mo ní kí ẹnì kan bá mi ṣe bébà àyẹ̀wò AA yẹn ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé o máa fi mí sílẹ̀."

Ethel ti gba àpò náà. "AS ò ní kéèyàn má fúnni lẹ́jẹ̀. Kò sóhun tí ẹ̀jẹ̀ yìí máa ṣe màmá. Ṣùgbọ́n ká ní o ti ya bébà ẹ̀, ta ló máa gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò lórúkọ síni lára?" Ó wo aago. "Kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú nínú ìdajì wákàtí dókítà." Ó sáré wọlé.

Ọláṣùpọ̀ dìde.

"Jókòó," Ọmọ́níkẹ́ wí, láì wò ó. "Tí màmá mi bá jí, ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ fún wọn."