Olùdarí Tú Ọwọ́ Ológun Sílẹ̀

"Kí ló dé tí ọwọ́ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́?" Ìyá Olùdarí ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Olùdarí ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ nílé ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ fíìmù kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìṣirò ló jọ ń ṣe eré ìbọn orí kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi díje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Olùdarí ló kọ ìtàn rẹ̀. Ìṣirò ló ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé.

"Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì. Ibi tó dùn jù nìyí. Ẹ kàn máa wò ó ni."

Lójú kọ̀ǹpútà, ìbọn ti ba ọ̀rẹ́ ológun tí ìyá Olùdarí ń fi dán eré náà wò, eré náà sì ti so ọwọ́ ológun kí ẹni tó ń ṣeré lè máa wòran. Ọ̀rẹ́ náà ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, orin arò sì ń dún lábẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ kúrò. "Èèyàn ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú mi, o ní kí n máa wòran? Ṣebí èmi ni mo sáré la àárín ìbọn kọjá wá bá a! Tó o bá fẹ́ kí n wo fíìmù, fi fíìmù hàn mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Olùdarí ní akínyẹmí ara. Ohun tí Ìṣirò ti ń wí náà nìyẹn, tí òun sì pa á lẹ́nu mọ́: "Ta ló ni ìtàn, èmi àbí ìwọ?" Ó lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó kúkú rẹwà. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé fóònù.

"Ìṣirò, má bínú, òótọ́ lo sọ. Wá ká tú ọwọ́ ológun yẹn sílẹ̀."

"Ìtàn ẹ ńkọ́?"

"Á máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́, kó kúnlẹ̀ ti ọ̀rẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́, kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣì máa dún sí i létí."

Lọ́jọ́ ìdíje, ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ ju ìbọn yíyìn lọ sọ ìbọn kalẹ̀ nínú eré náà, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde títí ọ̀rọ̀ fi tán. Ọmọbìnrin tó ṣeré tẹ̀ lé e dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé ọ̀tá padà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n kálukú ló gbé tirẹ̀ lọ sílé.

Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Àfi bí ẹni pé ipò kìn-ín-ní ni! Ìyá rẹ̀ fò dìde: "Àwọn ọmọ mi nìyẹn o, àwọn méjèèjì!" Olùdarí fa Ìṣirò lọ́wọ́ síwájú, orí rẹ̀ wú.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó gba ìmọ̀ràn, tó sì fàyè gba ọwọ́ ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà kì í kéré. Ńṣe ló ń gbilẹ̀.