Fọ́tò Tí Ojú Ṣìkẹ́mi Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ṣìkẹ́mi fi fóònù sọ ojú ara rẹ̀ di ojú Vivian ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lé àwọn méjèèjì jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ṣìkẹ́mi kò burẹ́wà. Ìlara ló ń jẹ ẹ́. Epo gbígbóná ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tó ń bá ìyá rẹ̀ se epo ní ẹbu wọn ní Igbótako, àpá rẹ̀ sì tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Vivian ń dán ní tirẹ̀. "Ìyàwó" ni àwọn ọmọkùnrin kíláàsì ń pè é. "Epo-dànù" ni wọ́n ń pe Ṣìkẹ́mi. Bí Vivian bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, Ṣìkẹ́mi á fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwé ní kí wọ́n mú fọ́tò ìdánwò àṣekágbá wá, Ṣìkẹ́mi gbé fọ́tò tirẹ̀ àti ti Vivian sínú ohun kan lórí fóònù tó máa ń tún ojú ènìyàn ṣe. Ó ní kó ṣe ojú òun bíi ti Vivian. Ó ṣe é. Àpá lọ, imú rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán.

"Ojú tó yẹ kí Ọlọ́run fún mi nìyí," ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Philemon, olùkọ́ tó ń gba fọ́tò, gbé e síwá sẹ́yìn.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, sà."

"Àpá ẹ ńkọ́? Ṣé ó lọ lo họlidé ni?"

"Sà, àbúrò Vivian ni," Benedict wí láti ẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Lọ ya òmíràn wá."

Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni olùkọ́ náà bíi ti ìdílé òun. "Sà, ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí pẹpẹ. Wòlíì ti ta òróró sí i. Màmá mi ní a kì í pààrọ̀ rẹ̀."

Òtítọ́ ni, àmọ́ inú àpòòwé ni fọ́tò náà wà nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà ìdánwò; kò sẹ́ni tó wo ojú tó wà nínú fọ́tò náà. Ọ̀gbẹ́ni Philemon mí kanlẹ̀. Ta ló fẹ́ dá ohun orí pẹpẹ padà? Ó gbà á.

Lọ́jọ́ ìdánwò, alábòójútó tó wá láti Àkúrẹ́ wo fọ́tò, ó wo Ṣìkẹ́mi, ó wá wo Vivian tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ, fọ́tò ẹ ló wà lórí orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ. O fẹ́ bá a kọ ìdánwò rẹ̀, àbí?"

"Rárá, sà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń dúró de èsì mi, sà. Ṣìkẹ́mi, sọ̀rọ̀ jọ̀ọ́."

Ṣìkẹ́mi wolẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì á mọ̀ pé ojú Vivian lòun ń fẹ́. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì dìde.

Ọjọ́ kẹta ni Ṣìkẹ́mi tó jẹ́wọ́. Alábòójútó ti kọ ìwé ẹ̀sùn àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí àjọ ìdánwò. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù tún ojú ṣe, ẹ gbọ́: ìlara kì í mọ sára ẹni tó ń ṣe é. Wọn kò gbé èsì ọmọ méjèèjì jáde. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi àyè Vivian fún ẹlòmíràn.