Jẹnẹrétọ̀ fún Ilé Onítáyà

Bàtà àlejò ni káfíńtà kọ́kọ́ rí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kàn lọ́wọ́ ni òun fúnra rẹ̀ wà, ó ká jọ bí aṣọ inú àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó ń fi sáńpépà fá igun kan tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé láéláé, nígbà tí bàtà eléruku méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wáyà iná ni wọ́n fi so ọ̀kan, níbi tó yẹ kí okùn wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá káfíńtà tó ń ṣe inú ọkọ̀," ni ẹni tó ni bàtà wí.

"Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yẹn."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde, lẹ́búlẹ́bú pákó ti bo irun rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín ẹni tó rí ohun tó ti ń wá ni. Ó ga, kámẹ́rà rọ̀ sí i láyà. Oní-fọ́tò ni. Ó ti ra ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan, ó sì fẹ́ fi í tẹ̀ lé odò ńlá kan láti ibi tó ti wọ òkun títí dé orísun rẹ̀, kó máa ya fọ́tò àwọn tó ń gbé létí odò náà. Ó kéré tán, yóò gbà á lọ́dún kan. Ó fẹ́ kí káfíńtà kọ́ ilé sínú ọkọ̀ náà: ibi ìdáná, tábìlì, ilé ìwẹ̀, àyè jẹnẹrétọ̀, àti bẹ́ẹ̀dì ẹni kan.

"Ẹni kan ṣoṣo," ló tún un sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi í.

Káfíńtà yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ìyẹn ọ̀gá àgbà tó kan òrùlé ìdajì ilé àdúgbò náà, ọ̀rọ̀ kan ló sì fi tọ́ ọ dàgbà: "Iṣẹ́ tó bá ń mì, ọ̀lẹ ló ṣe é." Ohun tí káfíńtà bá kàn kì í mì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gbé orí sókè rìn.

Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jà lé lórí. Ràgàjì kan ni oní-fọ́tò fẹ́ rà, èyí tó lè tan iná fún odindi òpópónà. Káfíńtà bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó kà á: gílóòbù bíi mélòó kan, fíríìjì kékeré, ẹ̀rọ tó ń fa omi, bátìrì kámẹ́rà. Káfíńtà ní ṣé nítorí ẹ̀fọn mẹ́rin ló ṣe fẹ́ yọ idà.

Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀rọ. Ìyá náà ní ẹ́ńjìnnì dísù tó bá tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ dà bí géńdé tí kò rí nǹkan ṣe. Èéfín á dí i lọ́nà ọ̀fun, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Ti pẹtiróòlù fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dísù ni ọkọ̀ ń mu, ta ló sì fẹ́ máa ru epo oríṣi méjì wọ aginjù?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ohùn àwọn onídísù kéékèèké ní gbogbo Sátidé. Oní-fọ́tò á di ojú, káfíńtà á gbé àtẹ́wọ́ lé ara irin. Èyí ń wúkọ́, èyí ń ráhùn, èyí ń bú èèyàn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí ẹ́ńjìnnì.

"Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?" ni oní-fọ́tò bi í lọ́jọ́ kan.

"Wáyà bàtà yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí ní ìwọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe yìí, ńṣe ló ń jẹ́ kí n dà bí àbúrò bàbá yín."

"Ó dáa, ìwọ oní-bàtà-wáyà mi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Kò sì gbé e mì padà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí èyí tí wọ́n ń wá: ó kéré, ó wà nínú àpótí irin rẹ̀, omi ló ń mú ara rẹ̀ tutù, èèyàn méjì sì lè gbé e. Àwọn méjèèjì ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí oní-fọ́tò wá lọ bá bàbá pé òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣe aya, bàbá gbé ohun ìfági rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ilé tó bá ní táyà kì í ṣe ilé. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìyá káfíńtà lo ọdún ìkẹyìn ayé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí alájọgbé wọn fi ń lọ ata, kò sì fojú ba oorun gidi títí tó fi kú.

"Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi máa sùn ti ẹ́ńjìnnì," ni bàbá wí. "Ọjọ́ tí èmi fúnra mi bá sùn nínú ọkọ̀ yẹn, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé bí ọmọńlé bá wúkọ́, bàbá yìí á jí.

Káfíńtà de jẹnẹrétọ̀ náà mọ́ pákó ilẹ̀ ọkọ̀ pinpin, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì gan-an, ó fi bóòtù ńláńlá dì í mú. Ó gbé ife omi sórí tábìlì, ó tan ẹ́ńjìnnì. Omi ń jó, àwo ń jó, gbogbo ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Oní-fọ́tò fi àtẹ́wọ́ sábẹ́ ife náà kó má baà ṣubú. Omi inú rẹ̀ dákẹ́.

Káfíńtà wo ọwọ́ náà títí. Ó dùn ún wọra, nítorí ó ti rí i pé ọwọ́ rírọ̀ ló gba ìgbọ̀n náà mọ́ra, àti pé dídè tí òun de ẹ́ńjìnnì le jù ló ba iṣẹ́ jẹ́. Oní-fọ́tò ní ṣé kí òun bá a tú u.

"Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ mi," ló wí. "Èmi tí mo dè é ni màá tú u."

Ó tú gbogbo bóòtù náà. Ó fi ayùn la kọ́bọ́ọ̀dù inú ọkọ̀ tó ti fá dán, ó gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ìdí ọkọ̀ níta, ó ṣí àyè atẹ́gùn sílẹ̀ fún un, ó gé táyà àtijọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ki fóòmù mátíràsì sínú ògiri. Nígbà tó fi ìka kan ti ẹ́ńjìnnì náà, ó mì. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó máa mì nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn sí i ju gbogbo èyí tí kò mì lọ.

Bàbá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìrọ̀rí lábẹ́ apá. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ wọn ń gé irin lọ́wọ́, etí kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ojú fèrèsé ni káfíńtà ti rí i tó fa dúróọ̀ tábìlì kan, tó fi àtàǹpàkò wá ibi tí pákó méjì ti pàdé, tí kò rí i, tó tún fa òmíràn. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì wọn.

Wẹ́dà jáwọ́. Àwọn méjèèjì dúró nídìí ọkọ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ọ: bàbá ń hanrun.

Ìgbà tí oòrùn kúrò lójú fèrèsé ló tó yọjú. "Kí lẹ ń dúró dè? Ẹ tan nǹkan yín ká gbọ́."

"Ó ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó wọlé, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Bàbá kò gbà. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó ṣí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ́.

"Ó ń mì," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìdí tí ilé kò fi mì nìyẹn."

"Ká ní ìyá rẹ ní irú èyí..." Ó yíjú sí oní-fọ́tò. "Ọmọ mi ló ṣe é."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O ò tíì mọ̀ tán. Wàá mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá jọ dé orísun odò yẹn. Mo ti fi í fún ọ."

Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń lọ, ó tún dúró, ó wo ọmọ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀dì yẹn mà gbòòrò o. Mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún. Ṣebí o ní ti ẹni kan ló ní kó o kàn?"

"Ti ẹni kan ló ní kí n kàn lóòótọ́, Bàbá," ni káfíńtà dáhùn, ó gbé orí sókè. "Láti ọjọ́ tó ti gbé bàtà wáyà dé ni mo ti wọ̀n ọ́n fún ẹni méjì."