Ẹni Tí Kò Dá Ojú Mọ̀

Orí àga tókunbọ̀ kan ni Fàósátù jókòó sí, tó ń mu ọsàn, nígbà tí Constant kọ́kọ́ rí i ní ọjà Hédzranawoé, ní ìlú Lomé. Omi ọsàn ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò bìkítà.

"Àga nìkan lò ń tà, àbí ìwọ náà wà ńbẹ̀?"

"Ẹ ra àga, ẹ fi èmi sílẹ̀ o," ni Fàósátù wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Constant, ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò láti Atakpamé, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ra àga tí kò nílò. Ó tún padà wá ra òmíràn. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ní àdúgbò Nyékonakpoè, Constant wo Fàósátù lójú kòrókòró, ó sì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Fàósátù wọra. Ó sáré tẹ̀ lé e.

"Constant! Ṣé ojú ń tì ọ́ láti kí mi ni?"

Bí ọkùnrin náà ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ara rẹ̀ wálẹ̀. "Fàósátù! Olólùfẹ́ mi, má bínú."

Ó ṣàlàyé. Kí wọ́n tó pàdé, alùpùpù gbé e ṣubú, ó forí gbálẹ̀, ibi tí ọpọlọ fi ń dá ojú èèyàn mọ̀ sì bàjẹ́. "Mo ń rí imú, mo ń rí ẹnu, àmọ́ n kò lè mọ ẹni tó ni wọ́n. Ojú èmi fúnra mi nínú dígí, bí ojú àlejò ni. Ohùn rẹ, aṣọ rẹ àti òórùn lọ́fíńdà rẹ ni mo fi ń dá ọ mọ̀."

Fàósátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni màá máa kọ́kọ́ kí ọ nígbà náà, ọkọ mi."

Nígbà tí Àlàájì Gbádégẹṣin, bàbá Fàósátù, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ó pe Constant wá sílé. Kí Constant tó dé, Àlàájì ní kí Ìsìlámíyátù, àbúrò Fàósátù, wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó fín lọ́fíńdà rẹ̀, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Ó ti Fàósátù mọ́ yàrá.

Constant wọlé, ó di ọwọ́ Ìsìlámíyátù mú. "Olólùfẹ́ mi, kí ló dé tí o dákẹ́?"

Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín títí. Ìsìlámíyátù bú sẹ́kún. Fàósátù gbá ilẹ̀kùn títí wọ́n fi ṣí i fún un.

"Ṣé o rí i?" ni bàbá rẹ̀ wí. "Ẹni tí obìnrin èyíkéyìí lè tàn jẹ kò ní fẹ́ ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ tàn án jẹ."

"Bí o bá tẹ̀ lé e, n kò bí ọ."

Fàósátù tẹ̀ lé e.

Ní mérì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Nínú ẹbí ìyàwó, Ìsìlámíyátù nìkan ló wá. Bí wọ́n ti jáde, Fàósátù rí bàbá rẹ̀ tó dúró ní òdìkejì títì. Ó sáré lọ bá a, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀."

Àlàájì wo ojú ọmọ tó bí.

"N kò mọ̀ ọ́," ló wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Constant gbọ́ ohùn náà láti òdìkejì, ó mọ ẹni tó ni ín. Ó sọdá, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì gbá a mọ́ra títí ẹkún rẹ̀ fi rọlẹ̀.